Fóònù Tí Kò Mọ Iṣẹ́ Í Jẹ́

Ní ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹta, ní ọdún tí òjò tètè bẹ̀rẹ̀, nígbà tí aago ara ògiri fẹ́ lu mẹ́wàá àárọ̀, ni ọmọbìnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé fóònù tuntun kalẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, tí ó sì wí pé, "Bàbá, láti òní lọ, ẹ ò nílò kẹ́nikẹ́ni máa kàwé fún yín mọ́." Ìyá rẹ̀ dúró ti tábìlì náà, ó ń da omi gbígbóná sínú ife tíì. Omi kún ife, ó kún àwo abẹ́ ife, ó sì ti ń ṣàn lọ lórí aṣọ tábìlì kí obìnrin náà tó rántí pé òun gbé kẹ́tùlù lọ́wọ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ìgbà mìíràn ni, kò sí níbẹ̀.

Bàbá tí a ń wí yìí jẹ́ káfíńtà, Káfíńtà náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí ẹni pé kò sí òmíràn láyé. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àga, ibùsùn àti àpótí tí ó tó láti kún ilé ìtura mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àrùn ojú kan, irú èyí tí kì í dun ni tí kì í sì í pariwo, jí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kó díẹ̀díẹ̀ bí olè tí ó mọ inú ilé. Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni kò ti lè ka ohunkóhun. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń ka ìwé ìròyìn fún un, òun ni ó ń ka ìwé oògùn, òun náà ni ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Bí ọkọ bá sì fẹ́ fèsì, ọkọ a sọ ọ́ lẹ́nu, ìyàwó a tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Nítorí èyí ni Káfíńtà ṣe sọ ọ́ ní Agbẹnusọ. Orúkọ náà mọ́ ọn lára dé ibi pé Nọ́ọ̀sì, ọmọ wọn, pàápàá a máa fi pè é nígbà tí ó bá ń tọrọ nǹkan.

Agbẹnusọ kì í sì í ṣe ẹni tí ń kàwé lásán. Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ obìnrin yìí, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ lè rán an sí aládùúgbò pé, "Lọ sọ fún un pé tí ò bá kó ewúrẹ́ ẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé mi, n ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀." Ọmọ náà yóò dé ọ̀hún, yóò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, yóò ní, "Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní ewúrẹ́ yín mà ti sanra o, àwọn ń bẹ̀rù kó má lọ fẹsẹ̀ kọ lẹ́yìnkùlé àwọn." Ewúrẹ́ a kúrò, ọ̀rẹ́ a sì dúró. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbé wọ inú iṣẹ́ ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá le, a rọ̀ ọ́. Èyí tí ó bá korò, a ta oyin sí i. Èyí tí kò sì sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, a fi kún un. Nínú páálí oògùn ojú ọkọ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kí a máa kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí ojú ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Agbẹnusọ kà á bẹ́ẹ̀, ó sì fi kún un pé ẹni tí ó bá ń lo oògùn náà kò gbọdọ̀ mu ju ẹyọ ṣúgà kan lọ nínú tíì, kò sì gbọdọ̀ bínú fún wákàtí méjì lẹ́yìn lílò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Káfíńtà fi pa òfin náà mọ́ láìjiyàn.

Ṣùgbọ́n ti oògùn kéré. Èyí tí ó tóbi, tí ó sì mú kí omi tíì kún tábìlì ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ni ti Tìmùtìmù.

Tìmùtìmù ni ẹni tí ó máa ń di fóòmù sí ìdí àga tí Káfíńtà bá kàn, tí yóò sì rán aṣọ bò ó. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì fi jọ wà ní ìsọ̀ kan, tí wọ́n ń bú ara wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ka èébú náà sí nǹkan kan. Ní ọdún kan, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n ṣe àga tuntun fún adájọ́. Wọ́n ṣe é. Adájọ́ wọlé, gbogbo ènìyàn dìde, adájọ́ jókòó, àga sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, títí a kò fi rí nǹkan kan mọ́ lókè tábìlì ìdájọ́ àfi ọwọ́ kan tí ó ṣì di bírò mú. Káfíńtà ní fóòmù ni ó ga ní apá kan. Tìmùtìmù ní ẹsẹ̀ àga ni ó kúrú. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà, tí ọmọdé lè fi ìwọ̀n yanjú, ni ó pín ìsọ̀ sí méjì. Tìmùtìmù ru ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó kó lọ sí ìlú mìíràn, ọdún márùn-ún sì kọjá tí ẹnì kan kò gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Wọ́n dá àga náà padà fún Káfíńtà. Ó wà ní igun pálọ̀ rẹ̀ títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jókòó sí i, ẹ̀rí ni.

Nígbà tí ojú Káfíńtà wá ṣú tán, ìyàwó rẹ̀ rí i pé kì í ṣe òkùnkùn ni ó ń mú un rù bí kò ṣe àìrí ẹni bú. Ó bú aládùúgbò, kò dùn mọ́ ọn. Ó bú ìjọba, kò dùn mọ́ ọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ó sùn lọ lórí ìjókòó, Agbẹnusọ mú fóònù, ó sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí Tìmùtìmù ní orúkọ ọkọ rẹ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, mo jẹ̀bi. Dárí jì mí." Kò pẹ́ tí èsì fi dé: "Mo ti gbọ́. Ó pẹ́ kí o tó gbọ́n." Nígbà tí Káfíńtà jí, Agbẹnusọ ka èsì náà sí i létí báyìí: "Ọ̀rẹ́ mi, mo jẹ̀bi. Dárí jì mí. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́n." Káfíńtà gbọ́ ọ dé òpin. Ó nu imú rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé mo ti gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni olúkúlùkù àwọn ọkùnrin méjèèjì ti ń sùn dáadáa, tí ó dá a lójú pé ẹnì kejì ni ó kọ́kọ́ wólẹ̀. Agbẹnusọ sì wà láàrin wọn bí fóòmù ti í wà láàrin igi àti ìdí ènìyàn.

Nísinsìnyí, fóònù dé. Nọ́ọ̀sì yọ káàdì inú fóònù àtijọ́, ó fi í sínú tuntun, ó sì kó gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ wọ̀ ọ́ láìku ẹyọ kan.

"Bàbá, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fìka kàn lójú ẹ̀, á pe orúkọ nǹkan náà fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ fìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ kàn sọ̀rọ̀ sí i, á kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́."

"Gẹ́lẹ́?" ni Agbẹnusọ béèrè láti ibi tí ó ti ń fún aṣọ tábìlì.

"Gẹ́lẹ́, Màmá. Kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀."

Agbẹnusọ fún aṣọ náà bí ẹni ń fún ọrùn adìyẹ.

Káfíńtà na ìka, ó fi kan ojú fóònù. Ohùn kan jáde, ohùn obìnrin tí kò jẹun láàárọ̀: "Kí ni o fẹ́ ṣe?"

Káfíńtà yọ ìka rẹ̀ padà. "Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"'Kí ni o fẹ́ ṣe.' Èmi tí mo ti lé láàádọ́rin ọdún. Ọmọ ọdún mélòó lòun fúnra ẹ̀?"

"Èṣí ni wọ́n ṣe é."

"Ọmọ ọdún kan. Kò burú. A ó kọ́ ọ."

Ó sì gbìyànjú láti kọ́ ọ. Fún odidi ọjọ́ kan, bí fóònù bá ti ní, "Kí ni o fẹ́ ṣe?" Káfíńtà a ní, "Kí lẹ fẹ́ ṣe. Báyẹn la ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀." Fóònù a dákẹ́ díẹ̀, a ní, "Mi ò gbọ́ ọ. Tún un sọ." Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, Káfíńtà ti pinnu pé ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́, ó sì tún dití, ṣùgbọ́n pé ó mọ̀wé.

Pé ó mọ̀wé yìí ni ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọjọ́rú, Káfíńtà gbé ìwé inú páálí oògùn rẹ̀ síwájú ojú ìyàwòrán tí ó wà lẹ́yìn fóònù gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ, fóònù sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é.

"Agbẹnusọ."

"Mò ń gbọ́ yín."

"Ibo ni wọ́n kọ ìbínú sí níbẹ̀?"

"Ìbínú wo?"

"Èyí tí mo ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́fà."

"Bóyá wọ́n ti tún ìwé ẹ̀ kọ."

"Ṣúgà ńkọ́?"

"Wọ́n á ti yọ òun náà."

Káfíńtà fi ọwọ́ wá àwo ṣúgà, ó ju ẹyọ mẹ́ta sínú tíì, ó pò ó, ó sì mu ún pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé kò sí òfin tí ó dè é mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ Tìmùtìmù dé. Agbẹnusọ sáré láti ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè bá ẹ̀rọ dù ú. Fóònù ti ń kà á lọ: "Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Tìmùtìmù. Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ àga kúkúrú. Orúnkún mi ń dùn mí. Mi ò béèrè tìrẹ nítorí mi ò fẹ́ gbọ́. Ṣé àga yẹn ṣì wà, àbí ojú ti tì ọ́, o ti fi dáná? Òpin àtẹ̀jíṣẹ́."

 Agbẹnusọ gbá ara ilẹ̀kùn mú.

"O gbọ́ nǹkan tí ọmọ burúkú yìí ń ṣe?" ni Káfíńtà wí.

"Ta ni?"

"Fóònù yìí. Ó ń ba ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi jẹ́. Tìmùtìmù tó jẹ́ pé ó máa ń kí mi tilétilé. Mo ti mọ̀ látìgbà tó ti ń pè mí ní 'o' pé kò sí ẹni tí ò ní rí fín."

Ìmí tí Agbẹnusọ mí jáde tó láti pa fìtílà. "Àbí ẹ ò rí i? Kò mọ iṣẹ́ í jẹ́ ni."

"Gbà, kà á bó ṣe wà."

Agbẹnusọ gba fóònù, ó sì kà á bí ó ti yẹ kí ó wà: "Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, mo sì ń ronú nípa tìrẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ń wá sí mi lọ́kàn lójoojúmọ́. Ṣé àga yẹn wà dáadáa?"

"Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn," ni Káfíńtà wí, ó sì tújú ká.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Agbẹnusọ kò tilẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì yà kí wọn láti ibi iṣẹ́, bàbá rẹ̀ sì fi ẹjọ́ fóònù sùn ún.

"Bàbá, ẹ̀rọ ò lè bú èèyàn láti ọkàn ara ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ló ń kà. Ẹ tiẹ̀ lè padà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbọ́ gbogbo èyí tó ti ń wọlé látìbẹ̀rẹ̀."

"Látìbẹ̀rẹ̀?"

"Látìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, tiwọn àti tiyín."

"Hùn," ni Káfíńtà wí.

Ẹni tí ó bá mọ Káfíńtà mọ̀ pé "hùn" rẹ̀ a máa gùn ju àròyé ẹlòmíràn lọ. Agbẹnusọ kò lè jẹun alẹ́. Kì í ṣe pé ọkọ yóò pè é ní òpùrọ́ ni ó ń bà á lẹ́rù. Ó ti gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni pé bí àṣírí ẹ̀bẹ̀ méjì náà bá tú, àwọn arúgbó méjèèjì yóò tún padà sí ìdákẹ́. Ìjà wọn àkọ́kọ́ jẹ ọdún márùn-ún. Wọn kò ní ọdún márùn-ún mìíràn tí wọ́n lè máa fi ṣòfò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Káfíńtà gbé fóònù sí ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i ní ohùn tí ìyàwó rẹ̀ kò ti gbọ́ láti ìgbà tí ìsọ̀ ti túká. "Ìwọ tí o fi fóòmù wíwọ́ dójú ti adájọ́. Àga náà ń bẹ, ó dúró ṣánṣán. Orí rẹ ló wọ́. Orúnkún rẹ á sì máa dùn ọ́ títí wàá fi jẹ́wọ́."

Fóònù tún un kà láìfi nǹkan kan pamọ́. "Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́," ni Agbẹnusọ wí. "Ẹyin lohùn. Tó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́."

"Mò ń dán an wò ni. Tó bá jẹ́ fóònù ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, Tìmùtìmù á béèrè ohun tó ṣe mí. Tí kì í bá wá ṣe fóònù…" Kò parí rẹ̀. Ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ náà kọjá, Tìmùtìmù kò fọhùn. Ọjọ́ kejì kọjá, kò fọhùn. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí igun pálọ̀, yóò fi ọwọ́ pa àga ìdájọ́ lórí, yóò padà wá jókòó, kò ní bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Agbẹnusọ rí èyí, ó mọ̀ pé ojú ọgbẹ́ àtijọ́ ti ń là. Bí ó bá wá tún gbọ́ ti ẹ̀bẹ̀ lórí èyí, ó parí. Ó dúró títí ọkọ rẹ̀ fi wọ ilé ìwẹ̀, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ó mú fóònù náà pẹ̀lú èrò pé òun yóò pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ rẹ́ ní jẹ́jẹ́.

Ohun tí kò rò ni pé fóònù tí a ṣe fún afọ́jú kò mọ ohun tí ń jẹ́ jẹ́jẹ́.

"Tìmùtìmù," ni fóònù ké nígbà tí ìka rẹ̀ kàn án. Agbẹnusọ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ sì kan nǹkan mìíràn. "Ohùn ti lọ sókè." Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ohùn ti lọ sókè pátápátá." Ó fà á mọ́ àyà, ó fi aṣọ ìnura wé e, ó sì ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ náà. Láti inú aṣọ ìnura ni fóònù ti ń kéde bí ẹni tí ń polówó ọjà lórí òkìtì: "Pa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rẹ́. Bọ́tìnì. Fìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì láti pa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rẹ́."

Omi ilé ìwẹ̀ dákẹ́. "Agbẹnusọ, kí ni wọ́n ń pa rẹ́?"

"Ìpolówó ni."

"Ìpolówó kí ni?"

"Ọṣẹ."

"Bi wọ́n léèrè iye tó jẹ́. Èyí tó wà níbí ti fẹ́ẹ̀ tán."

Ó jáde pẹ̀lú ìfófòó lórí, ó na ọwọ́, ó sì gba fóònù àti aṣọ ìnura pọ̀.  Láti ọjọ́ náà, àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ni fóònù ń gbé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí kan náà ni èsì dé. Fóònù fọhùn láti inú àpò náà, bí ẹni pé ọkàn Káfíńtà ni ó ń sọ̀rọ̀: "Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Tìmùtìmù. Ìwọ nìyí. Mo ti ń rò pé o ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, pé ìyàwó rẹ ni kò fẹ́ sọ fún mi. Ẹni tó ń béèrè orúnkún mi kì í ṣe ìwọ. Ẹni tí yóò ṣọ́ ilé dè mí ni mo kọ́kọ́ ń wá tí mo fi pẹ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Má fọwọ́ kan àga yẹn. Òpin àtẹ̀jíṣẹ́."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ tán, ó sì béèrè pé, "Ta ló ń béèrè orúnkún ẹ̀?"

Agbẹnusọ ti wọ ilé ìdáná, ó sì ń fọ àwọn àwo tí ó mọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó gòkè, Tìmùtìmù dé. Ó kéré ju bí Agbẹnusọ ti rántí rẹ̀ lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì pẹ̀lú ìrora, ó sì gbé irin ìwọ̀n gígùn kan há abíyá, irú èyí tí omi kékeré wà nínú gíláàsì àárín rẹ̀, tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú.

"Afọ́jú," ni ó wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Arọ," ni Káfíńtà dáhùn láti inú ilé. "Wọlé, má fa ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n nù ún ni."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú pẹ́ ju bí ìkíni ti ń pẹ́ lọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjá tààrà sí igun pálọ̀, láìmu omi, bí dókítà méjì tí a pè sí aláìsàn kan ṣoṣo. Tìmùtìmù yọ ìjókòó oní-fóòmù kúrò, ó gbé irin ìwọ̀n sórí igi àga. Ó tẹ ojú mọ́ gíláàsì náà, ó sì gbé orí sókè. "Kò gún. Mo ti sọ ọ́."

"Irọ́ ni. Agbẹnusọ, wá bá mi wò ó."

Agbẹnusọ wá. Ó wo omi inú gíláàsì: kò sí ní àárín gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jìnnà sí àárín. Ọkọ rẹ̀ dúró ní apá ọ̀tún, àlejò dúró ní apá òsì, etí àwọn méjèèjì nà síta. Ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tí ó ti máa ń ṣe láti ìgbà èwe.

"Àga gún dáadáa," ni ó wí. "Fóòmù náà sì dára, èèyàn rí i pé ọwọ́ àgbà ló dì í. Díẹ̀ tó tẹ̀ yẹn, mo rò pé ilẹ̀ ilé wa yìí ló rì ní apá kan."

Tìmùtìmù wò ó. Ó wò ó pẹ́. "Ìyàwó wa, tún un sọ."

"Mo ní ilẹ̀ ló rì ní apá kan."

"Ohùn tó ń béèrè orúnkún mi nìyí." Ó yíjú sí Káfíńtà. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìwọ lo kọ ọ́ sí mi pé kí n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ra á?"

"Èmi? Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé kó máa dùn ọ́ lọ."

"O ò sì kọ ọ́ pé o ń rántí mi tójò bá ń rọ̀?"

"Òjò kẹ̀? Kí ni ìwọ fẹ́ ṣe nínú òjò mi?"

"Ẹ̀bẹ̀ ńkọ́?" ni Tìmùtìmù wí. "Ẹ̀bẹ̀ tí o bẹ̀ mí. Mo jẹ̀bi, dárí jì mí."

Káfíńtà na ìka sí ibi tí ohùn náà ti ń bọ̀. "Ìwọ lo bẹ̀ mí. Wọ́n kà á sí mi létí. O ní ó pẹ́ kóo tó gbọ́n."

"Èmi ni mo sọ fún ọ pé ó pẹ́ kóo tó gbọ́n."

 Àwọn méjèèjì yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó ríran àti èyí tí kò ríran, títí wọ́n fi kọjú sí ibì kan náà, ibẹ̀ gan-an ni Agbẹnusọ sì dúró sí.

"Èmi ni," ni ó wí. "Èmi ni mo bá yín bẹ ara yín. Kò sí èyí tó bẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì, kò sì sí èyí tí ì bá bẹ̀ títí ilẹ̀ á fi bò ó. Bàbá yìí ń kú lọ lórí ìjókòó, torí pé kò rẹ́ni bú. Ẹ rán mi níṣẹ́ ẹrú, mo fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ pé ẹ tún fẹ́ lọ dákẹ́, ẹ lọ dákẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹun, mo ti dáná."

Ó ń retí kí ọ̀kan nínú wọn gbá ilẹ̀kùn. Káfíńtà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, ó farabalẹ̀ bí ti ẹni tí ń wọn igi.

"Ta lo kọ́kọ́ bá bẹ̀?"

"Kí lẹ wí?"

"Nínú àwa méjèèjì. Ẹnu ta lo kọ́kọ́ fi ẹ̀bẹ̀ sí?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni Tìmùtìmù wí, ó sì sún mọ́ ọn. "Torí ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ̀, òun ló jẹ̀bi."

"Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú yín ò bẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, a gbọ́. Ta ló kọ́kọ́ bẹ̀?"

Agbẹnusọ wo ojú wọn. Ìdákẹ́ tí ó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá, kò sí ibi tí ó wà. Àwọn arúgbó méjèèjì ń tàn bí ìgbà tí wọ́n ń bá ara wọn jà ní ìsọ̀. Ó sì wá yé e pé oyin tí òun ti ń ta sí i láti ọdún mẹ́fà, kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Èébú yìí gan-an ni ọbẹ̀ wọn.

"Fóònù tèmi já sómi lọ́dún tó kọjá," ni Tìmùtìmù wí. "Kò sí nǹkan kan nínú èyí tí mò ń lò báyìí."

"Ó wà nínú tèmi." Káfíńtà yọ fóònù láti inú àpò àyà, ó fi ìka wá a kiri. "Ọmọ mi ní gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọdé yìí ò lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kì í purọ́ bíi tẹnì kan."

"Tìmùtìmù," ni fóònù wí. "Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́."

Àwọn méjèèjì tẹ orí sórí rẹ̀ títí iwájú orí wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Agbẹnusọ nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Bí fóònù bá ti kà á, Tìmùtìmù yóò borí, yóò sì fi í kọrin títí ayé. Káfíńtà yóò sì di ẹni tí a dá lẹ́bi lórí ohun tí kò sọ, níwájú àga tí kò lè rí. Ẹni tí ó bá borí kò ní ohun tí yóò tún bọ̀ wá jà fún ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mìíràn.

Ó na ọwọ́, ó sì gba fóònù náà ní àárín àwọn méjèèjì.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ni Káfíńtà béèrè.

 Agbẹnusọ kò fi aṣọ ìnura wé e ní ọjọ́ yìí, kò sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó gbé e sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Pa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rẹ́," ni fóònù wí. "Bọ́tìnì."

"Agbẹnusọ, dúró ná," ni Káfíńtà wí.

"Ìyàwó wa, farabalẹ̀," ni Tìmùtìmù wí.

"Tí o bá pa á rẹ́, kò ní ṣeé gbà padà," ni fóònù wí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú," ni Agbẹnusọ dá a lóhùn, ó sì fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì.